Ìkànnì Tí Àlejò Yóò Gbádùn

Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, dúró gbagidi lórí òkè. Àwọn òpó iwájú rẹ̀ hàn láti ọ̀nà jíjìn, àlejò kì í sì í wá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí ojú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì ẹni rí: orúkọ onílé, iṣẹ́ rẹ̀ àti bí a ṣe lè kàn sí i, kó hàn kedere.

Ní Ọjà'ba, nílùú kan náà, àwọn tó ń ta ọjà kan náà máa ń pa ìsọ̀ pọ̀. Télọ̀ àdúgbò Bẹẹrẹ tó fẹ́ ní ìkànnì lè ṣe bákan náà: àwòrán agbádá lójú ewé kan, iye owó lójú ewé mìíràn.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, owó ni wọ́n sì fi ń ra dátà. Fọ́tò mẹ́gábáìtì 5 ń jẹ dátà ní ìlọ́po 25 èyí tí a fún di kílóbáìtì 200. Kò sì pọn dandan kí fọ́tò pọ̀: ìkànnì àkọ́kọ́ láyé, tí Tim Berners-Lee gbé jáde fáráyé ní 1991, ọ̀rọ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ Yorùbá náà ṣe pàtàkì. Kọ́lá Túbọ̀sún, tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ìkànnì YorubaName.com ní 2015. Àlejò á tẹ orúkọ kan, á sì rí ìtumọ̀ rẹ̀. Àmì ohùn orúkọ náà sì pé. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá sórí ìkànnì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yan irú lẹ́tà tó gba àmì, torí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà.