Ewéko Tí Ń Tẹ́ Sórí Àpáta

Ní Ìkẹjà àti Agége, láti àgbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá títí dé ẹ̀bá ojú irin, yanrìn àti amọ̀ pupa ni a ń gbẹ́ kàn. Òkúta tí àwọn onílé fi ń ṣe ọgbà lẹ́bàá géètì, ìhà Abẹ́òkúta, ilé Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, ni ọkọ̀ ti ń kó o wá. Òkúta ti dé. Ewéko wo ni yóò bo ìdí rẹ̀?

Ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ti ní ọgbà olókùúta láti 1882, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewéko kúkúrú orí òkè Alps, àwọn tí í lẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀fúùfù má baà fà wọ́n tu, kí ìwọ̀nba ooru tí wọ́n rí má sì ṣe bọ́ lọ. Òtútù ni ìsinmi wọn, débi pé Kew kọ́ ilé oníjígí kan fún wọn ní 2006, kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa fẹ́ sí wọn lára. Ìkẹjà, tí òru rẹ̀ pàápàá ń móoru, tí òjò oṣù Òkúdù sì ń rọ̀ láìdá, yóò mú kí wọ́n rà láti gbòǹgbò.

Àwọn òkè tiwa ní ewéko tiwọn. Ní Ìdànrè, àti lórí àpáta láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Gàbọ́ọ̀nù, Afrotrilepis pilosa, ìbátan òfio, ń tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sórí òkúta gbígbóná tí kò ní erùpẹ̀ tó ẹ̀kúnwọ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, àwọ̀ ewé rẹ̀ a ṣí pátá, àjèjì a ní ó ti kú. Ṣùgbọ́n kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé gbígbẹ yẹn gan-an ni yóò tún tutù yọ̀yọ̀. Onímọ̀ ewéko, D. J. Hambler, kọ nípa àrà yìí nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1961. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà ni ọ̀rọ̀ ìdàgbà ewéko náà, àwọn òdòdó Polystachya kan sì ń gbé lára igi rẹ̀. Nítorí náà, mo bẹ onílé, ẹ má ṣe hú u lórí àpáta wá sí Èkó.

Ìbátan pápásan olódòdó, Portulaca grandiflora, ni èmi yóò gbìn. Ẹ gbé ilẹ̀ náà ga, kí ẹ da yanrìn líle pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kí omi má baà dúró, kí ẹ sì yan ibi tí oòrùn ti ń pa á tààrà, torí inú oòrùn ni òdòdó rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ bomi rin ín títí yóò fi mú. Bí ó bá ga jù, ẹ gé e, kí ẹ sì ri ohun tí ẹ gé síbi tí ó pá.