Ìṣírò Iná Títí Dé 2060: Ṣé Wọ́n Ka Tìwa Mọ́ Ọn?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ní Glasgow, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2060, èéfín kábọ́ọ̀nù tí Nàìjíríà ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tó lè mú kúrò lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2022, Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò gbé ètò tí wọ́n fẹ́ fi mú ìlérí náà ṣẹ jáde. Wọ́n ní yóò ná wa ní tírílíọ̀nù 1.9 dọ́là. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kan ará Mowe, Ìbafò àti Ìfọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Àwọn onímọ̀ á kọ́kọ́ kó ohun tí wọ́n mọ̀ jọ: iye èèyàn, iná tí wọ́n ń lò, epo tí mọ́tò ń jó, ohun tí a fi ń dáná, iye tí wọ́n á fi kọ́ ibùdó iná. Kọ̀ǹpútà á wá máa rò ó lọ́dọọdún. Bí gáàsì bá wọ́n ńkọ́? Bí owó sólà bá túbọ̀ wálẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà wo ni owó rẹ̀ àti èéfín rẹ̀ kéré jù? LEAP, ọ̀kan lára irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe irú ìṣírò yìí, Kenya ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1980, nígbà tí ọ̀ràn igi ìdáná ń kọ wọ́n lóminú níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ríran o. Ohun tí a bá bù fún un ló máa sè.

Ìgbà tí ìṣírò ga ju apá lọ

Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí àjọ Energy Commission of Nigeria ti ṣírò iná tí a máa nílò. Èyí tó kéré jù nínú àbá wọn ni pé ọrọ̀ ajé wa yóò máa fi ìdá 7 nínú 100 dàgbà lọ́dọọdún. Èyí tó ga jù jẹ́ 13. Lórí èyí tó kéré yẹn pàápàá, iná tí a máa nílò ní 2030 ju 100,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Ní 2016, ọrọ̀ ajé ọ̀hún fà sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹta 2025, tí iná ìjọba pọ̀ jù láti ọjọ́ tó ti wà, 5,801 mẹ́gáwáàtì ló jẹ́.

Ohun tí mítà kò rí

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ọdún 2006 ni wọ́n ka èèyàn kẹ́yìn lórílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní Mowe àti Ìbafò lónìí ni kò tíì sí nígbà náà. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ (orúkọ yẹn kò kúrò lẹ́nu wa), jẹnẹrétọ̀ ló kù. Ìwádìí iléeṣẹ́ Dalberg ní 2019 sọ pé jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tó ń jó bẹntiróòlù ní Nàìjíríà tó mílíọ̀nù 22, agbára wọn lápapọ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́jọ iná ìjọba. Ẹni tó bá fi bíìlì iná nìkan wo Mowe á rò pé ìlú tó ń tètè sùn ni.

Epo ńkọ́? Ẹni tó ń gbé Ìbafò, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, lè ra epo ní Berger kó sì jó o tán sínú gò-slóò Ìbafò. Ìwé ìpínlẹ̀ wo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Nínú ilé kan náà, gáàsì máa ń wà, èédú náà á sì wà fún ọjọ́ tí gáàsì bá tán. Àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fún irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù ìwádìí.

Ìfọ̀ ní tirẹ̀ kò jìnnà sí Papalanto, níbi tí ibùdó iná Olorunsogo ti ń jó gáàsì. Ọdún mélòó ló yẹ kó ṣì fi jó o? Ìbéèrè tó yẹ kí ìṣírò dáhùn nìyẹn.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣètò iná tirẹ̀. Nítorí náà, Ògùn lè ṣe ìṣírò tirẹ̀, ó sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹ kọ iye jẹnẹrétọ̀, sólà àti ilé tó wà ládùúgbò yín sílẹ̀. Bí àwọn tó ń kà wọ́n bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù owó orí.