Ebòlò Kọjá Inú Òwe

Gbogbo wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí la mọ òwe tó ní kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó nínú wa ló dá òdòdó rẹ̀ mọ̀?

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ebòlò ti ṣẹ̀. Crassocephalum crepidioides ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Kì í lò ju ọdún kan lọ tó fi ń hù, tó ń tanná, tó ń so, tó sì ń kú. Ó lè ga tó mítà kan. Òdòdó rẹ̀ máa ń dorí kodò, ẹnu rẹ̀ á pọ́n bíi bíríkì. Bó bá gbó, á là bí òwú funfun, atẹ́gùn á sì gbé irúgbìn rẹ̀ lọ.

Oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, abẹ́ kòkó, ẹ̀bá ọ̀nà àti àkìtàn ló ti máa ń hù. Ilẹ̀ tútù tó lọ́ràá ló bá a lára mu jù. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kó fọ́n irúgbìn rẹ̀ sórí ilẹ̀, kó má rì í jinlẹ̀, nítorí ó kéré púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi hàn pé bí náítírójìn kò bá tó nínú ilẹ̀, ebòlò máa ń kó jacobine jọ sára. Oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni jacobine. Nítorí náà, èmi kì í já èyí tó pọ́n lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, mi ò sì ń fi ebòlò ṣe ọbẹ̀ ojoojúmọ́.

Síbẹ̀, irú oró bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹlòmíràn. Àwọn akọ labalábá kan, bíi Danaus chrysippus, máa ń wá a kiri lára ewéko, wọn á fi ṣe òórùn tí wọ́n fi ń fa abo mọ́ra. Mo sì máa ń rí oyin àti labalábá lórí ebòlò tó tanná lẹ́yìn ilé tí à ń gbé.

Ní Éṣíà, níbi tó ti jẹ́ àlejò, èpò tó ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu ni. Níbí, ọmọ onílẹ̀ ni, àmọ́ oògùn apakoríko la ń fọ́n sí i kó tó so. Bó bá pòórá láyìíká wa, ebi á pa àwọn kòkòrò kan, òwe rẹ̀ náà á sì di ohun tí à ń há sórí fún ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká máa fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọgbà, kó tanná, kó so, ká tó ro ó.