Owó Ọmọ Láti Òkè Òkun: Ta Ni Ó Mú Èyí Tí Ó Dín?



Nínú àwọn ẹjọ́ tí ìdílé máa ń gbé wá síwájú àwa tí a ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn, ọ̀kan wà tí kò jọ ọ̀rọ̀ ìsìn rárá, síbẹ̀ tí ó ń ba àárín ọmọ ìyá jẹ́ bí ẹjọ́ ilẹ̀. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọ wà ní Fáransé. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé òun ti fi 300 yúrò ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ ń dun bàbá, nítorí náà ó rán ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ gbà á wá ní Notsé. Ọmọ náà gba 189,000 Sẹ́fà, ó sì kó o fún bàbá, kò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò kan tí ó mọ ìṣirò sọ pé 300 yúrò kò yẹ kí ó dín ní 196,787 Sẹ́fà. Ó kù 7,787. Ariwo dé. Wọ́n ní ọmọ àbúrò ti yọ tirẹ̀ kí ó tó délé. Ìyá ọmọ náà gbọ́, inú bí i, wọn kò sì jọ jẹun pọ̀ mọ́ ní àjọ̀dún Kérésìmesì.

Òfin keje nínú Òfin Mẹ́wàá, pé kí a má jalè, ni gbogbo wa máa ń rántí bí owó bá dín. A kì í rántí ìkẹjọ tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí ó kọ ẹ̀rí èké sí ọmọnìkejì ẹni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí owó ṣe ń rìn kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi Sẹ́fà tiwa. Kò dà bí náírà tàbí dọ́là tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1999 tí yúrò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti so ó mọ́ yúrò: 1,000 yúrò jẹ́ 655,957 Sẹ́fà, kò lé, kò dín. Owó Fáransé ni wọ́n so ó mọ́ ṣáájú ìgbà náà. Àwọn àgbà wa kò ní gbàgbé oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n gé iye rẹ̀ sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí fráǹkì Fáransé kan tí ó jẹ́ 50 Sẹ́fà di 100. Ẹni tí ó ní owó nínú àpótí jí, ó sì rí i pé òun ti di aláìní sí i. Wọn kò tún yí iye náà padà láti ìgbà yẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ìṣirò kékeré lọ́wọ́ lè mọ iye tí yúrò ọmọ rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èé ṣe tí owó fi dín nígbà náà? Ẹnu méjì ni ilé iṣẹ́ afowóránṣẹ́ fi ń jẹun. Ẹnu àkọ́kọ́ ni owó iṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri tàbí sójú fóònù. Gbogbo ayé ń rí i. Ẹnu kejì ni iye tí wọ́n fi ń pààrọ̀ yúrò sí Sẹ́fà. Èyí kì í pariwo. Ilé iṣẹ́ náà lè sọ pé òun yóò fi 640 tàbí 630 pààrọ̀ yúrò kan, dípò 655 ó lé díẹ̀, kí ó sì kó ìyàtọ̀ náà sápò. Ẹ wò ó: ọmọ kan fẹ́ fi 200 yúrò ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kìíní ní yúrò 2 péré ni owó iṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n 640 ni ó fi pààrọ̀ yúrò kan. Ìyá gba 128,000. Ilé iṣẹ́ kejì gba yúrò 4, ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó pààrọ̀ owó bí ó ti yẹ. Ìyá gba 131,191. Bí a bá ka owó iṣẹ́ mọ́ ohun tí ó dín, ilé iṣẹ́ tí ó pe ara rẹ̀ ní olówó pọ́ọ́kú ti gba 4,503 Sẹ́fà, èyí tí ó dà bí ọ̀wọ́n sì gba 2,624. Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá rí ọ̀fẹ́, kí ó yára wo iye ìpààrọ̀.

Fún ìdí èyí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ọmọ bi wọ́n kí ó tó tẹ bọ́tìnnì: "Bí mo bá san iye báyìí níbí, Sẹ́fà mélòó gan-an ni yóò bọ́ sọ́wọ́ ìyá mi?" Kí ó bi ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, nítorí ẹni tí ó dára lóṣù tó kọjá lè má dára lóṣù yìí. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ iye Sẹ́fà náà sínú iṣẹ́ tí yóò rán sílé, kì í ṣe iye yúrò. Bí ó bá jẹ́ pé Sẹ́fà ni ọmọ tí ó wà ní Fáransé dárúkọ fún bàbá rẹ̀, ọmọ àbúrò kì bá tí di olè.

Kì í ṣe owó kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbé lọ. Báǹkì Àgbáyé máa ń ṣe ìṣirò iye tí ó ń náni láti fi 200 dọ́là ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ní ọdún 2023, Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aginjù Sàhárà ni ó wọ́n jù lọ: nǹkan bí 8 nínú 100, ìyẹn dọ́là 16 nínú 200. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti pinnu ní ọdún 2015 pé kí ó má tó 3 nínú 100 mọ́ nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2030. Ibi tí àwọn ènìyàn ti tálákà jù ni wọ́n ti ń san jù. Mo fi èyí sílẹ̀ fún àwọn alágbára láti dáhùn.

Nísinsìnyí, ọ̀nà wo ni ó dára? Èyí wà lọ́wọ́ iye owó àti ibi tí ẹni tí yóò gbà á ń gbé. Bí ó bá jẹ́ owó ńlá, bí owó ilé kíkọ́ tàbí owó ilẹ̀, láti báǹkì sí báǹkì ni ó yẹ. Owó gan-an kì í rìn níbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń rán síra wọn nípasẹ̀ àjọ SWIFT, tí àwọn báǹkì dá sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1973. Bí báǹkì ọmọ àti báǹkì bàbá kò bá mọra, báǹkì kẹta ni yóò dúró láàárín wọn, òun náà yóò sì mú tirẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù, wọn yóò béèrè ẹni tí yóò san owó iṣẹ́: OUR túmọ̀ sí pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ni yóò san gbogbo rẹ̀, SHA pé kí wọ́n pín in, BEN pé kí wọ́n yọ ọ́ lára ẹni tí ń gbà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í wo ibẹ̀. Nítorí pé owó iṣẹ́ báǹkì kì í sábà kéré bí owó tí a ń fi ránṣẹ́ tilẹ̀ kéré, kò dára láti máa fi 50 yúrò gba ọ̀nà yìí lóṣooṣù. Ó sàn kí ó dúró kí ó pọ̀.

Bí àwọn ọmọ bá wà káàkiri Yúróòpù, ọ̀kan ní Jámánì, èkejì ní Ítálì, ẹ̀kẹta ní Fáransé, kí wọ́n kó owó náà jọ sínú àkáùntì ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin wọn níbẹ̀ ni pé yúrò tí ó lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì kò gbọdọ̀ wọ́n ju èyí tí ó lọ láti báǹkì kan sí èkejì nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò san owó iṣẹ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹta.

Fún owó oúnjẹ àti owó oògùn, ọ̀nà fóònù ti mú ìrọ̀rùn wá: Mixx, tí a mọ̀ sí T-Money tẹ́lẹ̀, àti Flooz. Ẹni tí ń gbé ní abúlé kan ní Haho kò ní san owó zémíjàn wá sí Notsé láti gba owó rẹ̀ kí ó tún san án padà sílé. Owó ìrìnnà yẹn náà jẹ́ ara iye tí owó fi dín, bí ẹ kò tilẹ̀ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọn yóò tún yọ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ owó inú fóònù di owó ọwọ́. Kí ọmọ fi èyí kún un.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn baba wa mọ̀ kí báǹkì tó dé ìgboro. Oníṣòwò ní Lomé jẹ ẹnì kan lówó ọjà ní Èkó. Ẹlòmíràn wà ní Èkó tí ó fẹ́ san owó fún ìdílé rẹ̀ ní Lomé. Wọn a ní: "Bá mi san án níbẹ̀, kí n bá ọ san án níhìn-ín." Owó kò sọdá ibodè kankan, gbèsè méjèèjì sì tán. Ẹ lè rò pé ọgbọ́n àwọn tí kò kàwé ni. Ẹ gbọ́ ti àwọn ará Estonia méjì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Taavet Hinrikus àti Kristo Käärmann. Yúrò ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ ti ọ̀kan, pọ́n-ùn ni ó sì ń ná. Pọ́n-ùn ni èkejì ń gbà, ó sì ní gbèsè ilé tí ó ń fi yúrò san ní Estonia. Lóṣooṣù, èkejì a san pọ́n-ùn sí àkáùntì ti àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àkọ́kọ́ a sì san yúrò sí àkáùntì tirẹ̀ ní Estonia, ní iye tí ó tọ́ lọ́jọ́ náà. Báǹkì kò rí nǹkan jẹ. Ohun tí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ TransferWise sílẹ̀ ní ọdún 2011 nìyẹn, èyí tí ó ń jẹ́ Wise lónìí. Ọgbọ́n ìyá oníṣòwò ni wọ́n fi di ọlọ́rọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ padà sí ti àtijọ́ láìwo ẹ̀yìn. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó gbé e dúró, kò sì ní ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajigbèsè. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan àwọn ará Gáná àti ará Tógò tí wọ́n wà ní Nàìjíríà. Ohun tí kò sí ní ìwé kò ṣeé béèrè. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pàápàá, nígbà tí àwọn ìjọ kó owó jọ fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, kò fẹ́ gbé e nìkan. Ó ní kí àwọn ará yan àwọn tí yóò bá a gbé e, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun wí sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bá ará yín ṣe pàṣípààrọ̀ báyìí, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà.

Fún àwọn tí ọmọ wọn wà ní Gàbọ́ọ̀nù tàbí Kamẹrúùnù: Sẹ́fà tiwọn àti tiwa dọ́gba ní iye, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó kan náà. BEAC ni ó ni tiwọn, BCEAO ni ó ni tiwa, láti ọdún 1993 ni àwọn méjèèjì kò sì ti gba ìwé owó ara wọn mọ́. Ọmọ tí ó bá dì í sínú ẹrù wálé yóò pàdánù lọ́wọ́ àwọn tí ń pààrọ̀ owó lójú pópó. Kí ó fi ránṣẹ́ láti ọ̀hún. Ní ti ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Òfà, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà. Ẹ má fi ti àná ṣe ìṣirò ti òní.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, kí ó sọ fún un pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ìjọba ibẹ̀ ń gba owó orí 1 nínú 100 lórí owó tí ènìyàn bá fi owó ọwọ́ san láti fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Bí ó bá ti inú àkáùntì báǹkì rẹ̀ níbẹ̀ san án, tàbí ó fi káàdì báǹkì ibẹ̀ san án, wọn kò ní gba owó orí náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọmọ mọ ìyá rẹ̀ sí Màmá Maria, Maria ni ó sì kọ. Ṣùgbọ́n káàdì ìdánimọ̀ kò mọ orúkọ ìrìbọmi yẹn, orúkọ abísọ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Wọn kò ní fún ìyá lówó, yóò sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya àwòrán káàdì náà pa mọ́ sínú fóònù rẹ̀, kí ó máa wò ó kọ bí ó ti wà. Ẹni tí ìṣirò bá sì ṣòro fún, kí ó mú ìwé ẹ̀rí owó tí ó gbà kẹ́yìn wá lẹ́yìn Máàsì kejì lọ́jọ́ Àìkú. A ó jọ jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò.