Ìdí Tí Bíréèkì Fi Ń Kọ̀ ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè

Òkè ni ó yí ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká. Ọkọ̀ tí ó bá ti Iléṣà gba agbègbè náà lọ sí Àrámọ̀kọ àti Adó-Èkìtì kò lè ṣàì gun òkè, kí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Òkè gígùn a máa ni ọkọ̀ akẹ́rù lára, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ni ó léwu jù. Bí bíréèkì bá kọ̀ níbẹ̀, àwọn kan a ní iṣẹ́ ayé ni, àwọn mìíràn a ní àyànmọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò lè fi ìdí rẹ̀ hàn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohunkóhun tí a bá gbé sókè ti gba agbára sára. Bí ènìyàn bá gbé omi lítà 1 sókè ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10, iṣẹ́ tí ó ṣe tó joule 1. Orúkọ James Joule ni a fi pe ìwọ̀n yìí, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wádìí bí iṣẹ́ ti ń di ooru ní àwọn ọdún 1840.

Ìṣirò kìíní nìyí. Kí a ní ọkọ̀ kan wọn tọ́ọ̀nù 10, tàrù-tàrù, èyí tíí ṣe kílógíráàmù 10,000, tí òkè tí ó fẹ́ sọ̀ sì ga ní mítà 100. Ilẹ̀ ń fi agbára tí ó tó newton 10 fa kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, 10,000 × 10 × 100 jẹ́ joule 10,000,000.

Níbo ni gbogbo agbára yìí yóò gbà, bí eré ọkọ̀ náà kò bá pọ̀ sí i? Kò lè parẹ́. Ooru ni yóò dà. Ẹni tí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara wọn ní òwúrọ̀ ọyẹ́ mọ̀ pé wọn a gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni páàdì bíréèkì ń ra mọ́ irin tí ó ń bá táyà yí. Bí awakọ̀ bá gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì nìkan, tí irin náà sì jẹ́ kílógíráàmù 100, ooru yìí tó láti mú un gbóná sí i ju dígírì Celsius 200 lọ. Ní dígírì 100 ni omi ń hó. Afẹ́fẹ́ a máa gbé díẹ̀ lọ nínú ooru náà, ṣùgbọ́n kì í lè gbé e tán. Páàdì tí ó bá gbóná jù kì í lè di irin mú mọ́. Bí ọkọ̀ àti ẹrù bá wá di tọ́ọ̀nù 20, ooru náà di ìlọ́po méjì.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí awakọ̀ bọ́ sí jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá bíréèkì ru ẹrù náà. Ẹni tí ó bá fi jíà sí fíríì kí epo má bàa tán, bíréèkì nìkan ni ó di gbogbo ẹrù náà rù.

Ìṣirò kejì jẹ́ ti eré. Ní kìlómítà 36 láàárín wákàtí kan, agbára tí ó wà nínú ìrìn ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 10 yìí jẹ́ joule 500,000. Bí eré bá di 72, agbára náà kò di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni, joule 2,000,000. Bí táyà bá ń fi newton 50,000 di ọ̀nà ọ̀dà gbígbẹ tí ó tẹ́jú mú, ọkọ̀ náà yóò dúró lẹ́yìn mítà 10 ní eré àkọ́kọ́, àti lẹ́yìn mítà 40 ní eré kejì. Bí òjò bá dín ìdìmú yìí kù sí ìdajì, yóò di mítà 20 àti mítà 80. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tí ó ń di ẹrù àti èrò tí ó jókòó nínú ọkọ̀ lè rán awakọ̀ létí kí wọ́n tó dé orí òkè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.