Ọjọ́ Ọdún àti Ọjọ́ Àjálù

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú já lu Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Orí á máa fọ́ ẹni tó mú, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í sì í mọ́ bá ọ̀pọ̀ wọn. Bí ènìyàn 18 ló bá a lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dá sí i, àyẹ̀wò sì fi hàn pé mẹ́táńọ̀ọ̀lù ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Àwọn kan nílùú kò gbà. Wọ́n ní Malòkun, òrìṣà ìlú náà, ló bínú, pé àwọn kan lọ tú ojúbọ rẹ̀.

N kò fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Tọmọdé tàgbà Ìrèlè ló mọ Malòkun, wọ́n ń ṣọdún rẹ̀, wọ́n ń jó fún un. Ọjọ́ tí òkú sùn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwọn oníṣègùn. Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wọlé?

Ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ aláàánú lè gbà wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀: lọ́jọ́ àjálù, tàbí lọ́jọ́ ọdún. Ọjọ́ àjálù ní iyì tirẹ̀: ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ kì í bèèrè orúkọ ẹni tó gbé ìrẹsì wá. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá di “ẹ má mu èyí, ẹ má fọwọ́ kan òkú yẹn,” ìrẹsì kò lè ṣe é. Ní Womey, lórílẹ̀-èdè Guinea, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n pa nínú àwọn tó wá ṣàlàyé Ebola fún ará ìlú. Òṣìṣẹ́ ìlera wà nínú wọn, oníròyìn wà níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé àwọn àlejò náà ló gbé àrùn wá.

Ọjọ́ ọdún yàtọ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà l'Ékòó ti dé, àgbà wà níta, ọtí tí wọ́n fi ń júbà wà nílẹ̀, ẹni tó ń tà á náà sì jókòó tì í. Bí àwọn ọ̀dọ́ Red Cross bá pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n ń fi omi fún ẹni tí oòrùn pa, tí wọ́n ń di ẹsẹ̀ tí ìgò ya, ojú ti mọ ojú nìyẹn. Iṣẹ́ yìí gan-an ni St John Ambulance ń ṣe níbi ayẹyẹ Notting Hill ní London.

Ọdún náà ní àléébù, kò sì kéré. Ìlù á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Olóṣèlú á gba gbohùngbohùn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, fọ́tò nìkan ni wọ́n wá yà, wọ́n á pín fìlà, ó di àmọ́dún. Èyí tó sì le jù: onígbàgbọ́ pọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í sún mọ́ ibi tí wọ́n bá ti ń bọ Malòkun. Red Cross fi àìgbè-sẹ́yìn-ẹnikẹ́ni ṣe ìlànà; bó bá jẹ́ ọdún ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lọ, ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní wọ́n ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Kí wọ́n lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Síbẹ̀, ọjọ́ ọdún ni mo fara mọ́, bí wọ́n bá lè fi gbohùngbohùn sílẹ̀. Orin àṣíkò, irú èyí tí Comfort Ọmọge fi gbajúmọ̀, tí wọ́n bá fi èdè Ìkálẹ̀ kọ, á rìn jìnnà ju ìwé pélébé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn tó ń ta ògógóró. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ọtí náà ní oṣù kẹfà ọdún 2015, lẹ́yìn tí irú ikú kan náà ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń sè é, wọ́n ṣì ń tà á. Olùtà ló mọ ọwọ́ ẹni tí kẹ́ẹ̀gì ti wá àti ẹni tó ń fi nǹkan lú u. Kò sì ní sọ ọ́ fún ẹni tí kò rí rí.