Báńkì oúnjẹ: Ọjà tó fẹ́ ṣòfò lè gba ìdílé lọ́wọ́ ebi

Bí àwọn àgbẹ̀ Aládé, ní Ìdànrè, bá ti ta kòkó wọn, gbogbo ọlọ́jà ló máa ń mọ̀. Owó á wọ ìgboro, ẹni tó jẹ gbèsè á san án, ọjà á sì máa tà. Ṣùgbọ́n kí ìkórè ńlá tó dé, láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbẹ. Àsìkò náà ni ìwé àwìn máa ń kún. Ìyá tó ń ta ìrẹsì kò fẹ́ kí ọmọ oníbàárà òun fi ebi sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí owó òun há síta.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Àkọsílẹ̀ àjọ NBS fi hàn pé nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Ní ìlú Èkó, ẹgbẹ́ aládàáni kan ti ń fi ọgbọ́n mìíràn kojú irú ìṣòro yìí. Lagos Food Bank Initiative lorúkọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò kan, Michael Sunbola, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2015. Kì í ṣe owó ni wọ́n ń kó pamọ́ sí báńkì yìí, oúnjẹ ni. Wọ́n ń gba oúnjẹ àti owó lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ àti ará ìlú, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á dì í, wọ́n á sì gbé e lọ sí àdúgbò tí nǹkan ti le.

Ìlú Phoenix, ní Amẹ́ríkà, ni irú báńkì yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967. John van Hengel pàdé obìnrin kan tó ń ṣa oúnjẹ tí ilé ìtajà ńlá dà nù láti fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ló dá a lábàá pé ó yẹ kí ibì kan wà téèyàn ti lè kó oúnjẹ pamọ́ bí ẹni kówó sí báńkì, kí ẹni tí kò ní lè lọ gbà á.

Ní Èkó, kì í ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún. Opó, arúgbó, aláìníṣẹ́ àti ìyálọ́mọ ni wọ́n ń wò ṣáájú. Wọ́n ní ètò oúnjẹ aṣaralóore fún aboyún àti ọmọ kékeré, wọ́n sì ní èyí tó ń ran ìdílé lọ́wọ́ láti gbin ohun tí wọ́n á jẹ sí àyíká ilé wọn. Nígbà ìsémọ́lé Kòrónà lọ́dún 2020, wọ́n gbé oúnjẹ lọ bá àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n fi ń jẹun.

Kí ló kan oníṣòwò kékeré nínú èyí? Páálí ìndómì tó ku oṣù kan kí ọjọ́ rẹ̀ pé, tòmátì tó ti ń rọ̀, búrẹ́dì àná: àdánù ni gbogbo rẹ̀ bó bá kù sílẹ̀. Bí wọ́n bá tètè kó o jáde, oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kò yẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, aláìní pàápàá. Ẹni tó lágbára láti rà kò sì gbọ́dọ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọ̀fẹ́ má baà pa ọjà.

Báńkì oúnjẹ kò lè san gbèsè tó wà nílẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ìdílé má tún jẹ òmíràn kún un nítorí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà ìlú bí Aládé lè fi yàrá kan, òṣùwọ̀n kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti èèyàn méjì tí gbogbo ọjà fọkàn tán bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Oníbàárà tí ebi ń pa lónìí ni ọlọ́jà ń retí pé kó wá fi owó kòkó rajà lọ́la.